Má Pe Ọmọlará Lórúkọ Lókè Odò

Ìwọ tí o ń ka èyí, jọ̀ọ́, gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gbé ọ dé òkè olókùúta tó dojú kọ odò lẹ́yìn Niamey, tí o wọ abẹ́ igi, tí o wo iwájú, tí o kò rí ẹni tí ẹ jọ wá, má pe orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu á máa yún ọ. Má pè é. Jókòó ná, kí o rántí ohun tí ẹ jọ sọ kí ẹ tó wọ igbó. Ohun tí ojú Dúpẹ́ aránṣọ rí lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kí o má baà rò pé mo kàn ń dẹ́rù bà ọ́.

Dúpẹ́ yìí ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ṣakí ni wọ́n bí i sí. Ọkọ ló gbé e wá sí Niamey nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, ọkọ náà ti kú, ọmọ kan ṣoṣo sì ni Ọlọ́run fún wọn, Ọmọlará. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ wà ní Kalley. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn yọ sí òun. Láti Kalley dé Ọjà Ńlá, láti Ọjà Ńlá dé Zongo tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé, ibi tó mọ̀ ní Niamey kò ju ìyẹn lọ. Odò Ọya tí àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò, láti inú takisí lórí afárá ló ti ń rí i, bí wọ́n bá sì ti dórí afárá, á di ilẹ̀kùn mú gírígírí.

Má fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á bi í pé ta ni, á tún bi í. Bí ọkọ̀ bá sáré kọjá, á dá ẹ̀rọ dúró, á fetí sílẹ̀. Ayé tí a wà yìí náà kò jẹ́ kéèyàn dá a lẹ́bi. Ìròyìn tí à ń gbọ́ nípa àwọn ọ̀nà tó jáde nílùú kò dára létí, tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, olúkúlùkù ti wà nínú ilé rẹ̀.

Ọmọlará kò jọ ọ́ níbi kankan àfi imú. Niamey ni wọ́n bí i sí, ilé ìwé Faransé ló lọ, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí ìró tí aṣọ kò tó, tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀: Zàrmá díẹ̀, Hausa díẹ̀, Faransé létí ibi gbogbo. Ọmọ tó ga ni, ó yára, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Zàlìhà, ọmọ Zàrmá tí abúlé ìyá rẹ̀ wà létí odò, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ènìyàn rìn lórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé náà ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Pòròmunáàdì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó gbéra níbi ọgbà ewébẹ̀ létí omi, ẹ ó gba àárín àpáta gòkè, ẹ ó rìn lábẹ́ igi lórí òkè, odò á máa tàn yanran nísàlẹ̀, ẹ ó wá gba ọ̀nà mìíràn sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi tún bá ara yín níbi ọgbà ewébẹ̀.

"Ẹ rìn, ẹ rìn, ẹ tún padà síbi tí ẹ ti gbéra?" Dúpẹ́ ló bi Ọmọlará bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́. "Kí lẹ lọ rà?"

"A ò ra nǹkan kan, Màmá."

"Ta lẹ wá lọ kí?"

"A ò kí ẹnikẹ́ni. A kàn ń wò."

"Ẹ kàn ń wò." Dúpẹ́ fi abẹ́rẹ́ há ẹnu, ó yọ ọ́. "Kò sí ohun tí ẹ lè wò ní Kalley?"

Wọn ì bá fi àwàdà parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé etí Lùkúmàn, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń ta táyà ní Zongo, tí wọ́n sì kà sí olórí ẹbí láti ìgbà tí bàbá Ọmọlará ti kú. Lùkúmàn kì í pariwo. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó mu omi, ó wá ní:

"Ìyàwó, ọmọ wa ń kó ènìyàn wọ igbó."

"Mo gbọ́, Bàbá Khàlíd."

"Láyé tí a wà yìí."

"Mo ní mo gbọ́."

"Èmi rò pé kó lọ bá àwọn ìyá wa ní Ṣakí, kó wáṣẹ́ síbẹ̀. Ó kéré tán, a ó mọ ibi tó wà." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i. Mi ò ní fi agbára gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bá wọn lọ ní Sọ́ńdè, kó o fojú ara rẹ rí i. Tí o bá dé lálẹ́, tí o ní kó máa ṣe é, màá panu mọ́. Tí o bá ní rárá, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò máa lọ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bó ṣe ń dìde. Ó mọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa. Dúpẹ́ tí kì í gun àkàbà. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Lójú Dúpẹ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Bó bá sọ pé rárá, ọmọ yóò lọ sí Ṣakí, ilé yóò ku òun nìkan àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yóò máa lọ sórí òkè. Kò mọ èyí tí ì bá mú.

Sọ́ńdè pé. Dúpẹ́ ró ìró méjì, ó fi ọ̀já òfì di ìdí le, ó da ìborùn bo èjìká, ó wọ bàtà kaǹfáàsì Ọmọlará tó gùn jù ú lọ. Ó gbé báàgì dání. Zàlìhà ti ń dúró dè wọ́n níbi ọgbà ewébẹ̀, òun àti ẹnì kan ṣoṣo tó wá bá wọn rìn lọ́jọ́ náà: Victor, ọmọ Ìkirè tó ń bójú tó ìwé owó fún àjọ kan nílùú. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú dáadáa. Fìlà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀rá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ìmúra. Kí lẹ dì sínú báàgì yẹn bí ẹni ń lọ sí Mẹ́kà?"

"Omi. Ìṣáná. Àáyù."

"Àáyù! Ṣé ọbẹ̀ la ń lọ sè lókè ni?"

"Ejò ò fẹ́ràn òórùn rẹ̀."

Victor wo òkè, ó wo koríko, ó na ọwọ́. "Màmá mi, ẹ fún mi ní díẹ̀." Ó kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ọmọlará rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú.

Wọ́n gbéra. Òjò ti lọ lọ́dún náà, koríko ti ń pọ́n, afẹ́fẹ́ àárọ̀ tutù lójú. Ọ̀nà náà wọ àárín àpáta pupa méjì, ó ṣe tóóró, òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Alángbá olórí pupa kan ń mi orí sí wọn láti òkè. Ọmọlará ló ṣáájú, Dúpẹ́ tẹ̀lé e, Victor tẹ̀lé wọn, ó ń mí bí ẹni ń fẹ́ iná, Zàlìhà sì kẹ́yìn. Dúpẹ́ ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀tún. Bí ewé bá mì, á dúró.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò retí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ọ̀nà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí àpáta láìjẹ́ pé ó sọ fún un, àyà rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tí òkúta ti há. Ṣakí ni. Ó ti tó ọdún mélòó tó ti gun àpáta kẹ́yìn, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí wọ́n lọ ṣẹ́gi? Ó ti gbàgbé. Ẹsẹ̀ kò gbàgbé. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó gbàgbé láti bẹ̀rù fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n dé òkè, wọ́n wọ abẹ́ igi. Igi oṣè kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tóbi bí yàrá, àjàgbọn wà níwájú díẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún sì pọ̀ láàárín òkúta. Lápá òsì, ilẹ̀ kàn ṣàdédé parí ni. Nísàlẹ̀ ni odò wà.

Dúpẹ́ dúró níbi tó jìnnà sí etí, ó di ọ̀já rẹ̀ mú. Odò náà fẹ̀. Kì í ṣe bó ṣe máa ń rí láti orí afárá. Ó pín sí méjì, ó yí erékùṣù ìrẹsì ká, ó tún pàdé ara rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kan wà lórí rẹ̀ tó kéré bí abẹ́rẹ́. Ọkùnrin inú rẹ̀ ju àwọ̀n, àwọ̀n náà sì ṣí lójú afẹ́fẹ́ kó tó bọ́ sómi.

"Màmá, ẹ rí i?" Ọmọlará bi í jẹ́jẹ́.

"Mo rí i. Kúrò létí ibẹ̀."

Kí wọ́n tó wọ inú igi lọ, Dúpẹ́ fa ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"O rántí?"

"Màmá, èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́."

"Sọ ọ́ fún mi."

Ọmọlará mí kanlẹ̀. "Tí mo bá gbọ́ orúkọ mi nínú igbó, tí mi ò rí ẹnu tó pè é, mi ò ní dáhùn. Màá panu mọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ò ní pè mí lórúkọ nínú igbó láéláé. Ẹ máa ké húù. Ọ̀kan gígùn, ọ̀kan kúkúrú."

"Ó dáa."

Bí ìyá Dúpẹ́ ti kọ́ ọ nìyẹn lórí àpáta Ṣakí, bí òun náà sì ti kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn ní Kalley, níbi tí kò sí igbó rárá. Bí iná bá lọ ní àgbàlá, tí òkùnkùn sì dé bo ilé, ìyá á ké húù láti inú yàrá, ọmọ á dáhùn láti ibi tó ti ń ṣeré, wọn á fi ohùn wá ara wọn rí. Eré ni lójú ọmọ. Lójú ìyá, kì í ṣe eré.

Victor ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá pe èmi láti ibi iṣẹ́, ṣé kí n máà dáhùn náà?"

"Gbé ẹsẹ̀, jàre," Ọmọlará ní.

Ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló sì fa wàhálà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí bàtà Victor fi la ẹnu níwájú bí ẹja. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò ó. Dúpẹ́ kì í rìn láìsí abẹ́rẹ́ àti òwú lára. Ó yọ wọ́n lára ìborùn, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Ọmọlará gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá wọn.

"Ẹ dúró níbí. Ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀, bóyá òjò ò bà á jẹ́. Mò ń bọ̀."

"Má lọ jìnnà," Dúpẹ́ ní. Kò gbójú sókè. Rọ́bà náà le, abẹ́rẹ́ kò fẹ́ wọlé, òwú ń já. Obìnrin tó ń wo gbogbo ayé látàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbójú kúrò. Nígbà tó fi eyín gé òwú tán, tó gbórí sókè, kò rí Ọmọlará.

Ó dúró díẹ̀. Ó fetí sílẹ̀. Àdàbà ń ké. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ó ṣe díẹ̀ sí i.

"Ọmọlará?"

Kò sí ohùn.

"Ọmọlará! Ọmọlará o!"

Àpáta gba orúkọ náà, ó jù ú padà. *Lará o*, láti òdìkejì odò. *Ará o*, láti ẹ̀yìn wọn. Ara Dúpẹ́ bù máṣọ. Ó tún ké, ohùn rẹ̀ là. Zàlìhà bá a pè. Victor dìde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fi ohùn ńlá rẹ̀ pè é, ohùn tí wọ́n lè gbọ́ ní àdúgbò Dar es Salam nínú Niamey. Gbogbo òkè kún fún orúkọ ọmọ náà. Ọmọ náà kò dáhùn.

"Ẹ pè é lórí fóònù!" Victor ní, òun fúnra rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún. Inú báàgì tó gbé kalẹ̀ lẹ́bàá wọn ló ti ń dún.

Zàlìhà sáré lọ síbi ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀. Kò pẹ́ tó fi padà, ojú rẹ̀ ti yí padà. Hausa ni òun àti Dúpẹ́ jọ ń sọ.

"Ọ̀nà ti já, Màmá. Òkúta tó wà níbẹ̀ bí àtẹ̀gùn ti bọ́. Mo wo ìsàlẹ̀, mi ò rí i." Ó di ọwọ́ Dúpẹ́ mú. "Kala suru," ó fi Zàrmá sọ ọ́. "Ẹ ní sùúrù. Màá gba ibòmíràn wò."

Dúpẹ́ jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé òun jókòó. Ó ti rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti rí Lùkúmàn lórí àpótí, tí kò pariwo, tó kàn ń wo òun. *Mo ṣe bí mo sọ fún ọ, ìyàwó.* Ṣakí gan-an ti wá di ohun rere lójú rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà fún un ní ọmọ náà, kó di ẹrù rẹ̀ lónìí, kó máa lọ. Ó la ẹnu láti tún pe orúkọ náà.

Ó pa á dé.

Ta ló ní kó má dáhùn? ó bi ara rẹ̀. Ta ló fa ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìtíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, tó ní kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu? Èmi ni. Èmi ni mo ní tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó panu mọ́. Èmi ni mo ní mi ò ní pè é láé. Èmi náà ni mo wá dúró síbí tí mò ń pè é, tí mo tún ń kó ènìyàn jọ bá mi pè é.

"Ẹ dákẹ́," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má pè é mọ́."

"Màmá, tí a ò bá pè é..."

"Victor, mo ní kó o dákẹ́."

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ojú tì í díẹ̀, nítorí ọmọkùnrin náà ń wò ó. Èyí tó kọ́kọ́ ké kò jáde, ìmí lásán ni. Ó rántí ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó ké.

"Húùùùùù! Hù!"

Àpáta gbà á, ó jù ú padà bó ṣe ju tàkọ́kọ́. Ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti abẹ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an, bí ẹni pé òkúta tí wọ́n dúró lé ló ń sọ̀rọ̀, ohùn kan tó tinrín gòkè wá.

"Húùùù! Hù!"

Dúpẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó fi àyà fà dé etí tí kò jẹ́ sún mọ́ látàárọ̀, ó yọ orí.

Ọmọlará wà nísàlẹ̀, lórí pèpéle òkúta kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ, igi ẹlẹ́gùn-ún kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bò ó lójú ẹni tó bá wo láti ọ̀nà. Orúnkún rẹ̀ ti bó. Ó fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ àpáta. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọ kékeré.

"Màmá! Òkúta ló yí, mo bá a yọ̀ wá. Mi ò rí ibi tí mo lè dì mú gòkè."

"Kò sóhun tó kàn ọ́? Egungun?"

"Rárá. Orúnkún nìkan ni."

"Kí ló dé tí o ò dáhùn?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé!" Ẹkún àti ìbínú dàpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Mo ń gbọ́ orúkọ mi láti orí omi. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn. Ohùn ọkùnrin ńlá kan tún ń pè mí, mi ò mọ̀ ọ́n..."

"Èmi ni o," Victor ní láti òkè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Dúpẹ́ kò ráyè rẹ́rìn-ín. Ó ti ń tú ọ̀já ìdí rẹ̀. Ọ̀já òfì ni, wọ́n hun ún nípọn, òun ló fi pọn Ọmọlará títí ọmọ náà fi mọ̀ ọ́n rìn. Ó so ó mọ́ ìborùn, ó fà á wò, ó tún un so. Ó ní kí Zàlìhà wé orí kan mọ́ ìdí igi kan tó dúró gbọn-in, kí Victor dọ̀bálẹ̀ kó di àárín mú.

"Ikùn rẹ yìí wúlò lónìí," ó sọ fún Victor. "Fi tẹ ilẹ̀."

"Ẹ ṣé, Màmá."

"Lará, fi di abẹ́ apá. Kọjú sí àpáta. Má wo ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ pẹrẹsẹ. Pẹrẹsẹ, mo ní. Ó ń bọ̀. Ẹ fà!"

Wọ́n fà. Òfì náà dún kíkíkí, kò já. Orí Ọmọlará yọ, èjìká yọ, Dúpẹ́ sì gbá a mú ní ẹ̀yìn aṣọ, ó wọ́ ọ kúrò létí títí wọ́n fi dé ìdí igi oṣè. Níbẹ̀ ló jókòó lé ilẹ̀ tó gbé e sórí itan. Zàlìhà bu omi fún wọn. Victor dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, ó ń wo ojú ọ̀run, ó ń rùn fún àáyù.

Ọmọlará ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó nu ojú.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gba ibi tí a gbà wá padà. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ fún Bàbá Khàlíd. Mi ò ní jiyàn."

Dúpẹ́ ń tún ọ̀já rẹ̀ dì. Ó wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá, àárín àpáta pupa yẹn, tó mọ̀, tí kò léwu. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ tó ń sáré kiri yìí, tí Yorùbá rẹ̀ kò tó ìdajì, ó lẹ̀ mọ́ òkúta lórí omi, ó panu mọ́, nítorí ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́. Gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ wá, tó rò pé ó ń gba etí kan wọlé tó ń gba èkejì jáde, inú ọmọ náà ló wà.

Ó bi Zàlìhà ní Hausa: "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tó sọ̀ kalẹ̀?"

"Ó wà, Màmá. Lẹ́yìn àjàgbọn yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá mi ń da ewúrẹ́ gbà. Ó jìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú."

"Kí ló dé tí ẹ kì í gbà á?"

Zàlìhà àti Ọmọlará wo ara wọn. "Èyí tó já yẹn ló rẹwà jù," Ọmọlará ní.

"Ẹwà rẹ̀ ti parí. Ti ewúrẹ́ la ó máa gbà."

Ọmọlará gbórí sókè. Ó gbọ́ ọ. *La ó máa.* Ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹyẹ fò.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," Dúpẹ́ ní. "Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Gbéra. Zàlìhà ni yóò ṣáájú. Èmi ni màá kẹ́yìn, kí n lè máa rí gbogbo yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí òkè náà po. Ọ̀nà ewúrẹ́ gba abẹ́ àjàgbọn, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí, odò á yọ, á tún pamọ́ sẹ́yìn igi. Níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti yà, tí ẹni tó wà níwájú bá ti wọlé sí kọ̀rọ̀, Dúpẹ́ á ké húù láti ẹ̀yìn, Zàlìhà á dáhùn, Ọmọlará á dáhùn. Victor náà kọ́ ọ. Tirẹ̀ dà bíi ti màlúù, Ọmọlará sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, àpáta bá wọn rẹ́rìn-ín. Erinmi kan yọ imú nínú omi, ó wò wọ́n, ó rì padà. Nígbà tí wọ́n yọ síbi ọgbà ewébẹ̀, obìnrin tó ń bomi rin létísì dá garawa dúró, ó fi Zàrmá kí wọn, "Fofo." Dúpẹ́ wo ẹ̀yìn. Òkè náà wà lókè, ó pọ́n lójú oòrùn. Ó ti yí i po. Òun, Dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ sí Zongo. Lùkúmàn jókòó sórí táyà, ó ń da àtàáyì, tíì líle tí wọ́n ń mu níbẹ̀, láti ife sí ife kó lè hó. Ó rí eruku lára bàtà kaǹfáàsì, ó rí ibi tí ẹ̀gún ti fa ìró ya.

"Ìyàwó, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Khàlíd."

"Kí la gbọ́?"

Dúpẹ́ kò tíì jókòó. "Kó máa ṣe é."

Àtàáyì ṣan sí ilẹ̀. Lùkúmàn gbé ìkòkò kalẹ̀. "Kó máa ṣe é?"

"Kó máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní dá lọ wo ọ̀nà níwájú mọ́. Wọ́n máa ké sí ara wọn bí mo ṣe kọ́ wọn. Gbogbo Sọ́ńdè ni èmi náà yóò máa lọ, èmi ni màá máa kẹ́yìn."

"Ìwọ? Ìwọ tí ò gun àkàbà?"

"Èmi."

Lùkúmàn wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó gbé ojú sí ibi tí ìró ti ya. "Victor tó ń ra táyà lọ́wọ́ mi pè mí," ó ní. "Ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́ ọ tán. Ó ní o hú bí ẹranko. Ó ní ọ̀já, ó ní ikùn. Kí ló ṣẹlẹ̀ lókè yẹn, ìyàwó?"

"Ọmọ yín ṣubú, a fà á jáde, orúnkún rẹ̀ bó. Ó wà nílé, ó ń jẹun."

"Ìyẹn nìkan kọ́."

"Ìyẹn nìkan kọ́."

"Sọ èyí tó kù."

Dúpẹ́ jókòó wàyí. Ó bọ́ bàtà, ó gbọn òkúta wẹ́wẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba ife àtàáyì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ní tí mo bá ti dáhùn, ẹ ó panu mọ́. Mo ti dáhùn."

"Mo ti panu mọ́ nípa ti ọmọ. Ìwọ ni mò ń bi. Kí lo rí lókè tó sọ ọ́ di báyìí?"

"Bàbá Khàlíd, bàtà yín ńkọ́, ṣé ó lágbára? Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ìdí ọgbà ewébẹ̀ la ti ń gbéra."

"Ìyàwó, mo ní kí lo rí?"

Dúpẹ́ mu àtàáyì. Ó gbóná, ó dùn. Ó wo òde, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lórí Zongo. Ó mi orí.

"Ẹ wá fojú ara yín rí i. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."